Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Òtẹ́ẹ̀lì Tó Máa Tù Yín Lára Nítòsí Oníkàn àti Marínà

Àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, Àkúrẹ́ tàbí Ìlọrin wá ṣeré l'Ékòó kì í yé béèrè pé, "Òtẹ́ẹ̀lì wo ló dáa lẹ́bàá omi níbẹ̀ yẹn?" Èmi kì í dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì kankan fún wọn. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ yan afárá. Ọ̀sà ló yí Lagos Island ká. Afárá lẹ máa gbà wọlé, òun náà lẹ máa gbà jáde, àfi tí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi. Bó ti wù kí òtẹ́ẹ̀lì Ìkẹjà rẹwà tó, ẹni tó fẹ́ wà ní Oníkàn láago mẹ́sàn-án àárọ̀ Mọ́ńdè, gálà ló máa jẹ lórí Third Mainland. Oúnjẹ àárọ̀ tó ti sanwó rẹ̀ á tutù sílẹ̀ dè é.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wá wo Oníkàn, Marínà àti ìgboro Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ẹ sì fẹ́ sùn fọnfọn lálẹ́, bí mo ṣe máa ń ní kí wọ́n ṣe é rèé.

Ẹ kọ ibi tí ẹ fẹ́ lọ sílẹ̀

Kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù, ẹ mú bébà. Ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí àlejò ń wá wò ní Lagos Island kò jìnnà síra wọn. Ní Oníkàn ni National Museum wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957; ibẹ̀ ni ọkọ̀ Mercedes tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní 1976 wà. John Randle Centre tó jẹ́ ilé àṣà Yorùbá kò jìnnà síbẹ̀; ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí ni adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí Dókítà John Randle fún àwọn ará Èkó ní 1928 wà tẹ́lẹ̀. MUSON, gbọ̀ngàn orin àti eré, wà níbẹ̀, Tafawa Balewa Square náà wà níbẹ̀, pápá tí wọ́n ti fa àsíá Nàìjíríà sókè lọ́dún 1960. Ẹsẹ̀ lẹ lè fi rìn láàárín gbogbo wọn tí oòrùn kò bá mú jù. Freedom Park wà ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni nígbà òyìnbó, ní 2010 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Tí ẹ bá tún fẹ́ dé Pópó Àgùdà lọ wo ilé àwọn tó ti Brazil dé, tàbí Ìga Ìdúngànràn tó jẹ́ ààfin Ọba Èkó, kòrópe á gbé yín. Ẹ má ka ọ̀kadà mọ́ ètò yín, ìjọba ti fòfin dè é ní Lagos Island.

Ẹ wá wo bébà yẹn. Tó bá jẹ́ pé Oníkàn àti àyíká rẹ̀ ló gba gbogbo ojú ìwé, ẹ wá òtẹ́ẹ̀lì sí apá ibẹ̀, kí ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Àmọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ wo National Theatre ní Ìgánmú, tí wọ́n ti sọ ní Wole Soyinka Centre báyìí, tí ẹ fẹ́ dé ilé Fẹlá ní Ìkẹjà, tí ẹ sì ní ọmọ tí ẹ fẹ́ yọjú sí ní Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Ẹ sàmì sí èyí tó bá jẹ́ ti alẹ́. Wọ́n máa ń kọrin, wọ́n máa ń ṣeré ní Freedom Park lálẹ́, ẹni tó bá fẹ́ gbádùn ibẹ̀ di aago mẹ́wàá kò yẹ kó tún máa wá ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìyànà Ìpájà lóru.

Ẹ yan afárá

Afárá mẹ́ta ló so Island mọ́ Mainland. Carter, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní 1901, gbéra láti Ìddó ó já sí Ìdúmọ̀tà. Eko Bridge já sí Àpọ́ńgbọ̀n. Third Mainland, tí wọ́n parí ní 1990, gba orí ọ̀sà láti Òwòróǹṣòkí, ó sì gùn ju kìlómítà 11 lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, Mainland ló ń rọ́ lọ sí Island. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún rọ́ padà. Ẹni tó sùn ní Island, tó wá ń lọ sí Mainland láàárọ̀, òdìkejì èrò ló ń lọ, ọ̀nà á ṣí fún un ju ti ẹlòmíì lọ. Ẹni tó sùn ní Mainland tó ń bọ̀ wá sí Island láàárọ̀ wà nínú èrò náà gan-an. Fún ẹni tó ní ọjọ́ méjì péré, mi ò rò pé ó tún yẹ kó rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ: kó sùn ní Island.

Ọ̀nà kan wà tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ gósiló. Láti September 2023 ni reluwé Blue Line ti ń gbé èrò láàárín Mile 2 àti Marínà, ó ń dúró ní Alábà, Orílé àti National Theatre, ó sì ń gba orí omi kọjá sí Marínà. Ẹni tó bá rí òtẹ́ẹ̀lì gidi lápá Súrùlérè tó súnmọ́ Orílé tàbí National Theatre lè sùn ní Mainland kó má sì bá ẹnikẹ́ni du afárá. Red Line tó ń ti Agbádó bọ̀ kì í kọjá omi, Oyìngbò ló ń já èrò sí, ẹ máa tún wọ bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀. Cowry Card ni wọ́n fi ń wọ reluwé àti bọ́ọ̀sì BRT, ẹ rà á lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, kí ẹ fi owó sínú rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi dùn ún wọ̀ lọ́sàn-án tí ìjì kò bá sí, tí ẹ bá sì wọ life jacket. Ẹ má ṣe fi í ṣe ètò alẹ́.

Àdúgbò wo?

Inú Lagos Island gan-an, láti Láfíàjí dé Ìdúmọ̀tà, ọjà àti ọ́fíìsì ló pọ̀ níbẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì ò pọ̀. Èyí tí ẹ bá rí, ẹ fojú sí i lára dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé kékeré tí wọ́n kọ "Guest House" sí lára níbẹ̀ àti ní Ọbaléǹdé, ṣọ́ọ̀tù-táìmù ni wọ́n fi ń jẹun. Kò nira láti dá mọ̀: iye owó wákàtí méjì wà lára ògiri, iná pupa wà ní kọ́rídọ̀, ilẹ̀kùn ń ṣí ó ń tì títí di ìdájí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wíjọ́, oníkálukú ló mọ ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mú ìyá àgbà àtàwọn ọmọ dání, ibẹ̀ kọ́.

Lójú tèmi, Ìkòyí lápá Awólọ́wọ̀ Road ló rọrùn jù. Ọ̀nà yẹn bẹ̀rẹ̀ nítòsí Oníkàn ó sì lọ dé Fálómọ̀. Ẹni tó bá sùn níbẹ̀ ò ní gba afárá kankan kó tó dé mùsíọ̀mù. Ó wọ́n ju Mainland lọ o, àmọ́ ó dákẹ́. Victoria Island ní òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá tó kọjú sí omi, Independence Bridge ló sì máa gbé yín dé Oníkàn, afárá kúkurú ni. Wàhálà ibẹ̀ ni ilé ijó. Tó bá di alẹ́ Fríìdeè, ẹ̀yin náà á máa jó lórí bẹ́ẹ̀dì bó wù yín bó kọ̀.

Ní Mainland, ẹ wo Yábàá, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta àti Súrùlérè. Owó yàrá kótópó ní Ìkòyí lè gba yàrá tó ní pálọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ní Island, kì í ṣe òní. Ní 1947, Bristol Hotel kọ̀ láti gba Ivor Cummings sílé torí pé aláwọ̀ dúdú ni, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọkùnrin náà. Inú bí àwọn ará Èkó gidigidi, ìjọba amúnisìn sì ní láti pàṣẹ pé kí irú ìwà bẹ́ẹ̀ dópin. Lónìí, owó nìkan ló kù tó ń dá èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ohun tí kò sí nínú àwòrán ni kí ẹ máa wò. Tí wọ́n bá ya rìsẹ́pṣọ̀n, wọ́n ya adágún ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n tún ya ìkòkò òdòdó, tí ẹ ò wá rí bálùwẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ mọ̀ pé bálùwẹ̀ ló lẹ́jọ́. Ẹ ka ọ̀rọ̀ àwọn tó sùn níbẹ̀ láìpẹ́, ẹ fi ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn sílẹ̀: mánijà ń lọ, òmíràn ń dé, jẹnẹrétọ̀ náà ń darúgbó. Ẹ̀sùn tí ẹni mẹ́ta mẹ́rin tí kò mọ ara wọn bá jọ kọ, ẹ gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ "ojú omi" tí wọ́n máa ń kọ yẹn náà, ẹ tú u wò. Lórí Google Maps, ẹ yí i sí àwòrán tí wọ́n yà láti òkè, kí ẹ rí omi tí wọ́n ń wí. Ó lè jẹ́ ọ̀sà, ó sì lè jẹ́ kánààlì tí ẹ̀fọn ń pa ẹyin sí. Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ wo ẹni tó jẹ́ aládùúgbò wọn: ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣe àìsùn, mọ́ṣáláṣí tó ní gbohùngbohùn, gbọ̀ngàn àríyá, ilé ọtí. Èkó ni, ẹ ò lè sá fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ lè ní kí wọ́n fún yín ní yàrá tó kẹ̀yìn sí ariwo.

Ẹ pè wọ́n lálẹ́

Níbí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹni tó bá pe òtẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án, ẹnu dídùn ló máa gbọ́. Ẹ pè láàárín aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá alẹ́. Ẹ máa gbọ́ ariwo tó wà lẹ́yìn ẹni tó gbé fóònù, ẹ máa gbọ́ bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń ké, ẹ sì máa mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ń gbé fóònù. Bó ṣe máa ń lọ rèé:

"Ẹ kú alẹ́ o, àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti màmá mi fẹ́ wá sùn lọ́dọ̀ yín, Fríìdeè sí Sọ́ńdè."

"Ẹ káalẹ́ sà. Yàrá wà sà, ẹ máa bọ̀."

"Ẹ ṣeun. Aago mélòó lẹ máa ń pa jẹnẹrétọ̀?"

"A kì í pa á sà. Iná wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wà títí ilẹ̀ á fi mọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí NÉPÀ bá mú iná lọ láago mẹ́ta òru, ṣé é-sì á ṣì máa ṣiṣẹ́?"

"Hmm... inverter ló máa ń gbé e nígbà yẹn sà. Fáànù lòun ń gbé. A máa ń sinmi jẹnẹrétọ̀ díẹ̀ lóru."

Ẹ rí i pé "a kì í pa á" ti di "a máa ń sinmi ẹ̀." Kì í ṣe pé àǹtí yẹn parọ́, ohun tí ẹ bi í ló dáhùn. Torí náà, ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé iná wà?" Kò sí òtẹ́ẹ̀lì tó máa ní kò sí. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ń gbé é-sì ní aago mẹ́ta òru. Ẹ tún bi wọ́n bóyá Band A ni wọ́n wà. Àdúgbò tó bá wà ní Band A yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́. Wákàtí mẹ́rin tó kù ni jẹnẹrétọ̀ máa bójú tó. Níbi tí kò bá sí Band A, ẹ mọ̀ pé owó dísù ni ẹ ń bá wọn san, ẹ sì ń bá wọn gbọ́ ariwo rẹ̀. Ẹ bèèrè yàrá tó jìnnà sí ilé jẹnẹrétọ̀.

Àwọn ìbéèrè tó kù ò gba àsìkò. Ṣé yàrá wà nísàlẹ̀ fún ẹni tí orúnkún ń dùn, tàbí ṣé lífìtì wà, tí ó sì ń ṣiṣẹ́? Níbo lẹ máa gbé mọ́tò sí, inú géètì ni àbí títì? Tí ẹ bá dé láago mọ́kànlá alẹ́, ta ló máa ṣílẹ̀kùn?

Ẹ fi ọ̀yàyà bá ẹni náà sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n kí dáadáa máa ń sọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ò fẹ́ kó sọ: "Ẹ má gba ti ẹ̀yìn yẹn o mà, ilé ìdáná ló wà lábẹ́ rẹ̀."

Owó

Iye tí wọ́n pè lórí fóònù lè má jẹ́ iye tí ẹ máa san. VAT jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, owó orí tí ìpínlẹ̀ Èkó ń gbà lórí òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ jẹ́ 5. Yàrá tí wọ́n pè ní ₦60,000 lè di ₦67,500 lóru ọjọ́ kan. Tí ẹ bá sùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ₦202,500 nìyẹn, kì í ṣe ₦180,000 tí ẹ ti ń rò lọ́kàn. Ẹ bi wọ́n ní tààràtà: "Ṣé owó orí ti wà nínú ẹ̀?" Ẹ bi wọ́n bóyá oúnjẹ àárọ̀ wà nínú rẹ̀, àti fún ẹni mélòó. Owó ìdúró tí wọ́n máa ń gbà nítorí nǹkan tó lè bàjẹ́, ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n máa dá a padà. Òtẹ́ẹ̀lì tó ń gba àwọn oníṣẹ́ ọ́fíìsì lọ́jọ́ iṣẹ́ lè dín owó kù lópin ọ̀sẹ̀ torí pé yàrá ṣófo, ẹ ná an, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹnì kan dípò orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, bó ti wù kó jẹ́ pé wọ́n ní yàrá ti fẹ́ tán.

Ẹ wo yàrá kí ẹ tó sanwó

Bí ẹ bá lè san ti alẹ́ àkọ́kọ́ nìkan kí ẹ tó dé, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ san ìyókù lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí yàrá. Bọ̀dá tó mú yín gòkè á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa mi kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, á ní, "Kò sí wàhálà níbí mà." Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kó kán yín lójú.

Imú ni kó ṣáájú. Yàrá tí wọ́n fín lọ́fínńdà kíkankíkan ní ohun tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ òórùn ọ̀rinrin lára ògiri. Ẹ tan é-sì, ẹ fi sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ kí ẹ lọ wo bálùwẹ̀. Ẹ ṣí omi, ẹ jẹ́ kó dà díẹ̀, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ní Island, kànga tó súnmọ́ ọ̀sà lè ní iyọ̀ nínú, ọṣẹ ò sì ní hó sí irú omi bẹ́ẹ̀. Irun orí á gan, awọ ara á máa yún yín kí ẹ tó lo ọjọ́ méjì. Tí ẹ bá rí ìlà pupa rúsúrúsú nínú báàfù, ìpẹtà ni, omi yẹn dáa fún ìwẹ̀, kì í ṣe fún fífi fọ aṣọ funfun. Ẹ ṣí omi gbígbóná, kí ẹ dúró títí á fi gbóná lóòótọ́. Ẹ fa omi ilé ìgbẹ́.

Kí ẹ wá bọ́ sídìí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ká igun aṣọ ibùsùn kan sókè, ẹ fi iná fóònù tàn sí ojú rírán fóòmù. Ààmì dúdú wínníwínní níbẹ̀, ìdun ni. Ẹ má jiyàn, ẹ má bínú, ẹ kàn ní kí wọ́n fi yàrá míì hàn yín, tàbí kí ẹ máa lọ. Tí ẹ ò bá rí ààmì kankan, ẹ jókòó sí etí fóòmù. Tó bá rì wọlé bí ẹrẹ̀, ẹ̀yìn yín á sọ fún yín láàárọ̀.

Lẹ́yìn náà ni fèrèsé. Ẹ fa kọ́tìnì. Mo ti rí fèrèsé tó jẹ́ ògiri ilé kejì ló kọjú sí, ọwọ́ ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ẹ rí i pé ó ń ṣí, pé nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ya, torí ẹ̀fọn ẹ̀bá ọ̀sà kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀fọn ìlú yín. Ẹ ti ilẹ̀kùn látinú, ẹ wò ó bóyá ó ní ìdábùú míì yàtọ̀ sí kọ́kọ́rọ́. Ẹ ki ṣájà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù yín láti orí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ẹ bá fi ṣe gbogbo èyí tán, é-sì yẹ kó ti mú yàrá tutù. Tí kò bá tíì tutù, kò ní tutù lóru náà.

Àsìkò

Ní December, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun máa ń ya wọlé, owó yàrá á fò sókè, èyí tó sì dáa á ti tán. Ẹni tó bá fẹ́ Ìkòyí ní December, kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a ní September tàbí October. Tí wọ́n bá kéde pé Èyọ̀ ń bọ̀, Tafawa Balewa Square ni ojú agbo, wọ́n á ti ọ̀pọ̀ ọ̀nà Island. Ẹ sùn sí ibi tí ẹ ti lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, kí ẹ sì béèrè èèwọ̀ ọjọ́ náà lọ́wọ́ ará Ìsàlẹ̀ Èkó. Irun ṣùkú, sìgá àti bàtà wà lára rẹ̀.

Òjò máa ń rọ̀ jù ní June, ó sì tún máa ń padà wá ní September sí October. Nígbà tí ọ̀sà bá kún, omi ojú gọ́tà kì í rí ibi gbà lọ, á wá dúró sójú títì. Ẹ ní kí wọ́n ya fídíò iwájú géètì fún yín lórí WhatsApp lẹ́yìn òjò. Ẹni tí kò bá fẹ́ ya fídíò náà ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Ọjọ́ tí ẹ máa lọ

Aago méjìlá ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ń gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ sọ fún wọn látàná pé ẹ fẹ́ gbé ẹrù sí rìsẹ́pṣọ̀n, kí ẹ lè fi ọ̀sán rìn díẹ̀ sí i, kí ẹ sì mú goolu àti kọ̀ǹpútà yín dání. Kí ẹ tó dá kọ́kọ́rọ́ padà, ẹ ní kí ẹnì kan tẹ̀lé yín wọ yàrá wá ka aṣọ ìnura àti rìmóòtù lójú yín. Owó ìdúró náà, ẹ dúró títí fóònù yín á fi dún pé ó ti wọlé, kí ẹ tó jáde ní géètì.